Agboolé Lórí Rólù Kan

Kí Bàbá Àgbà tó ránṣẹ́ pè mí lórí ọ̀rọ̀ ògiri, kò sí ẹnì kan nínú agboolé ọkọ mi tó lè sọ ní pàtó iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Wọ́n mọ̀ pé mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàngó. Wọ́n mọ̀ pé òórùn kan máa ń bá mi wọlé nírọ̀lẹ́ tó jọ òórùn ọ̀dà. Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, tàbí tó fẹ́ du ipò kánsílọ̀, wọn á ní kó lọ bá "ìyàwó wa tó ń tẹ bánà." Ibẹ̀ ni ìmọ̀ wọn mọ. Ó máa ń dùn mí díẹ̀, nítorí mo jìyà kí n tó mọ iṣẹ́ náà ní Ṣómólú, ẹ̀rọ tí mo sì ń lò kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ojú yẹpẹrẹ wò.

Ẹ̀rọ náà fẹ̀ ju ibùsùn tọkọtaya lọ. Ike funfun tí a fi ń ṣe bánà, tí gbogbo wa ń pè ní fúlẹ́ẹ̀sì, máa ń wá ní rólù bí ẹní tí a ká. A ó kì í bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Orí tó ń tu íǹkì á máa sáré lọ láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, á tún máa sáré bọ̀, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwòrán á sì máa yọ níwájú díẹ̀díẹ̀. Bánà kékeré kò ní wàhálà. Èyí tó gùn ló lẹ́jọ́. Bí o bá ki rólù tó wọ́ díẹ̀ báyìí níbẹ̀rẹ̀, o ò ní mọ̀. Ìgbà tó bá rìn jìnnà ni wàá tó rí i pé ó ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, pé ó ti ń hunjọ, pé orí ẹ̀rọ ti ń ha á lára. Bí iná bá sì lọ láàrin, ó parí, nítorí ẹ̀rọ kì í rántí ibi tó bá iṣẹ́ dé. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gé iṣẹ́ gígùn sí wẹ́wẹ́, tí a ó wá fi ooru lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ojú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́ máa ń hàn bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n oníbàárà kì í sábàá bínú. Àmọ́ Bàbá Àgbà kì í ṣe oníbàárà.

Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi tó ti di olóògbé, òun ló sì dàgbà jù nínú ilé. Agboolé wa wà lẹ́yìn Ojú Ore, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń fẹ̀ bọ̀ wá bá wa. Wọ́n ti ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kí n tó dé ilé náà rárá. Àwọn tó rà á kọ́ ògiri sáàárín àwa àti àwọn, ògiri tó ga, tó funfun, tó gùn débi pé bí ewúrẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fara nù ún láti ìpẹ̀kun kan, ó lè gbàgbé ibi tó ń lọ. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Àgbà máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tí yóò kọjú sí i. A rò pé ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń rò.

Ọdún Iléyá ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń pín ẹran, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì nawọ́ mú nínú abọ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó mú. Wọ́n bá a wí, ó ní òun ò mọ̀ pé ó ju òun lọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ yájú. Ìlú Èkó ni ó dàgbà sí, kò kúkú mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni Bàbá Àgbà pè mí, mo sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "ẹ̀rọ yín yẹn, ṣé ó lè ya gbogbo wa pọ̀ sójú kan?"

"Ó lè ṣe é, Bàbá."

"Gbogbo wa, ní ìlà kan, bí a ṣe wọlé. Kí a gbé e kọ́ sára ògiri yìí. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ju òun lọ, kó lọ wo ibẹ̀."

"Yóò gùn o, Bàbá. Àfi kí n gé e sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin."

"Rólù yín kò gùn ni?"

"Ó gùn, Bàbá."

"Ó tán. Mi ò fẹ́ ojú àránpọ̀. Ilé yìí kò já rí."

Ó yẹ kí n sọ ohun tí "bí a ṣe wọlé" túmọ̀ sí nílé wa, torí òun ló bí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí sínú ilé, ọjọ́ tí wọ́n bí i ló wọlé. Ìyàwó, ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá bá nílé lọ́jọ́ yẹn ló jù ú lọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni. Ọmọkùnrin kan wà nílé wa tó ń wa fọ́kìlífìtì ní iléeṣẹ́ ọṣẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí i. Ṣùgbọ́n ó ti ń rá nílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, nítorí náà ọkọ mi ni, mi ò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ. "Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o," ni mo máa ń wí, òun náà á wá gbé èjìká sókè bí baálé ilé. Inú máa ń bí mi, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín.

Kò ṣeé ṣe láti kó gbogbo ilé jọ lọ́jọ́ kan. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ òru, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, àwọn mìíràn wà l'Ékòó. Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì sílẹ̀ níwájú ògiri náà, mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ti ráyè kó wá dúró síbẹ̀, kí n ya òun nìkan. Orí kọ̀ǹpútà ni màá ti tò wọ́n. Wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹlòmíràn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ẹlòmíràn pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó. Mo ya Bàbá Àgbà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Mo ya ìyálé gbogbo wa, àgbà nínú àwọn ìyàwó ilé, tó kọ̀ láti rẹ́rìn-ín nítorí eyín tó ti kán. Lẹ́yìn náà ni ó kan ìyá ọkọ mi.

Ọmọ Adó-Odò ni. Wọ́n gbé e wá fún bàbá ọkọ mi nígbà èwe rẹ̀, ó bí ọkọ mi, àárín òun àti ọkọ rẹ̀ sì dàrú. Ìjà wo ni, mi ò mọ̀ dòní, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì sọ ọ́. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré káàkiri ilé ni, nígbà tí ìyá rẹ̀ di ẹrù rẹ̀, tó padà sí Adó. Nígbà náà, ẹni tó bá ń lọ kì í mú ọmọ dání. Ó dáko ẹ̀gẹ́, ó ṣe gààrí, kò bí ọmọ mìíràn. Ìyálé ló tọ́ ọkọ mi, òun ni ọkọ mi ń pè ní Màámi títí dòní. Ìgbà tí agbára oko tán, tí bàbá ọkọ mi sì ti kú, ni ọkọ mi lọ mú un padà wá sílé. Mo ti bímọ méjì nígbà náà. Ó dé pẹ̀lú àpótí kan àti gààrí nínú àpò. Ọkọ mi ń tọ́jú rẹ̀, kò fi oúnjẹ dù ú, kò fi oògùn dù ú. Ṣùgbọ́n "Ìyá Adó" ló ń pè é, bí ẹni ń pe àlejò tó wọ̀ sílé ẹni.

Lọ́jọ́ tí mo ya fọ́tò rẹ̀, ó wọ ìró àdìrẹ kan tó ti ṣá, tí mi ò rí lára rẹ̀ rí. Ó dúró sórí àmì ṣọ́ọ̀kì, ó sì na ọwọ́ kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ díẹ̀, ó dá a dúró síbẹ̀.

"Ìyá, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀."

"Ṣebí ẹnì kan á dúró tì mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, lórí kọ̀ǹpútà."

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Mo wo ọwọ́ náà dáadáa. Kò ga. Ibi tí orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré káàkiri ilé máa ń dé ni. Mo ya fọ́tò náà.

Nígbà tí mo tò wọ́n, mo fi ìyá ọkọ mi síwájú ọmọ rẹ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ta ló ń bèèrè ibi tí ìyá yẹ kó wà? Mo gbé kọ̀ǹpútà wálé kí wọ́n lè wò ó kí n tó tẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé péjọ sábẹ́ igi máńgòrò, kálukú ń wá ara rẹ̀. Ìyálé ní kí n dúró, kí n dá a padà díẹ̀.

"Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà," ó ní, "ṣùgbọ́n Bàbá ní bí a ṣe wọlé ni. Ìgbà wo ni Ìyá Adó wọlé?"

Ìyàwó kékeré kan sọ pé ṣebí ilé làbọ̀ sinmi oko. Ìyálé yíjú sí i.

"Ẹni tó lọ sóko là ń kí kú àbọ̀. Kì í ṣe ẹni tó lọ kọ́lé síbẹ̀. Bí a bá ka ọjọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó jáde, kí la máa kà fún àwa tí a ò jáde?"

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo òru tí ọkọ mi fi ṣàìsàn ní kékeré, òun ló jókòó tì í. Bàbá Àgbà ní ìgbà tó wọlé kẹ́yìn la ó kà. Kí n mú un kúrò níbẹ̀, kí n fi í sí ibi tó padà dé.

Ibi tó padà dé jìnnà gan-an sí iwájú. Ó wà lẹ́yìn àwọn tí wọ́n bí nígbà tí kò sí nílé, lẹ́yìn àwọn ìyàwó tí wọ́n gbé wá, lẹ́yìn èmi, lẹ́yìn àwọn ọmọ mi méjì. Àbíkẹ́yìn mi nìkan, ọmọbìnrin tí mo bí lẹ́yìn tó dé, ló tẹ̀lé e. Kò sì pẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé tó rí ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

"Háà! Ìyálé ìyá ọkọ!" ni wọ́n ń pè mí. "Ẹ rán ìyàwó yín níṣẹ́ o, kó bá yín pọnmi."

Ìyá ọkọ mi náà dá sí i. Ó fi orúnkún kan kan ilẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ìyálé mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo wà nítòsí, mo rí i pé ẹnu nìkan ló fi rẹ́rìn-ín. Mo yára fà á dìde. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Nígbà tí ọkọ mi ń jẹ ẹ̀bà tirẹ̀, mo jókòó tì í.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, o ò lè sọ nǹkan kan?"

"Bàbá ti sọ̀rọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Kí ni kí n sọ? Mo wà níbẹ̀ nígbà tó lọ."

"Ìwọ tí o ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì?"

"Mo wà níbẹ̀," ó tún wí, ó sì bu òkèlè mìíràn. Mo dìde, mo lọ tan kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà mo tò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo sún gbogbo wọn papọ̀ kí àlàfo má bàa sí níwájú ọkọ mi, mo sì fi ìyá rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìlà, níwájú àbíkẹ́yìn mi. Ọwọ́ tó nà jáde yẹn bọ́ sórí ọmọ náà gẹ́lẹ́, bí ẹni pé òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ nà án. Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ìyá ọkọ mi ni ọmọ yẹn dàgbà sí. Kọ̀ǹpútà kò lè gbé àwòrán tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó pín in sí apá apá nínú kọ̀ǹpútà, a ó wá ní kí ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n tẹ̀lé ara wọn láì fi àyè sílẹ̀ láàrin, kí fúlẹ́ẹ̀sì lè jáde ní odindi. Mo pín ti àkọ́kọ́ sí apá mẹ́fà tẹ́lẹ̀, mo tún pín ìkejì sí mẹ́fà, mo sì gé méjèèjì lẹ́yìn àwọn ènìyàn kan náà. Ó yẹ kí n pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ọwọ́ mi kò gbà á.

Ọjọ́ Sátidé ni mo tẹ̀ ẹ́, nígbà tí oníbàárà kì í pọ̀. Mo bu epo sínú jẹnẹrétọ̀ dé ẹnu, mi ò tilẹ̀ yíjú sí iná ìjọba. Rólù tuntun ni mo kì, mo wọ̀n ọ́n lọ́tùn-ún, mo wọ̀n ọ́n lósì, títí mo fi rí i pé kò wọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Máruwá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ọkọ mi sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ògì gbígbóná nínú fíláàsì.

"Mo ní kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń bí ènìyàn nínú ẹ̀rọ," ó ní.

Mo gbé àga fún un síwájú, níbi tí àwòrán ti ń yọ. Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ jáde, torí mi ò jẹ́ fi àgbà kẹ́yìn. Nítorí pé fúlẹ́ẹ̀sì ń bọ̀ ní gígùn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni àwọn ènìyàn fi ń dùbúlẹ̀ jáde, orí wọn ní ọwọ́ kan, ẹsẹ̀ wọn ní ọwọ́ kejì.

"Ṣé wọ́n ń sùn ni?"

"Rárá o, Ìyá. Bí a bá gbé e kọ́, wọn á dìde."

Ó dùn mọ́ ọn. Ó ń kí wọn bí wọ́n ṣe ń yọ, ó ń ki àwọn kan lóríkì. Nígbà tí ìyálé yọ, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun o." Mo rò pé ó ń kí i bí ó ti ń kí àwọn tó kù ni. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé ọpẹ́ ló ń dá.

Apá kìíní parí, apá kejì wọlé. Mo wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, mò ń ṣọ́ rólù, ni mo gbọ́ tó ní, "Aṣọ mi nìyẹn."

Mo sáré yí padà síwájú. Etí ìró àdìrẹ ló ń yọ. Lẹ́yìn náà ni èjìká, lẹ́yìn náà ni ìlàjì ojú. Apá kejì tí mo rán sí ẹ̀rọ, inú ti àkọ́kọ́ ni mo ti mú un, èyí tí Bàbá Àgbà ní kí n tún tò. Ọkọ mi sọ títí dòní pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kí Ọlọ́run gbọ́ ọ, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tí a fi ń dá ẹ̀rọ dúró. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ìlà já nìyẹn, gbogbo àwọn àgbà tó ti jáde di ohun ìbòrí ògì lọ́jà, èyí tó kù nínú rólù kò sì ní tó láti tún un bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn nìdí kan. Ìdí kejì ni pé mo wo ojú rẹ̀. Ó ti dìde lórí àga láì mọ̀.

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò.

Ojú rẹ̀ yọ tán, ọwọ́ rẹ̀ tó nà jáde sì yọ kẹ́yìn. Lẹ́yìn ọwọ́ náà ni ọkọ mi yọ, ó ti dàgbà, ó ti ní ikùn, ọwọ́ ìyá rẹ̀ sì kàn án ní ìgbáròkó. Ìyá ọkọ mi fẹ́ fọwọ́ kàn án.

"Íǹkì kò tíì gbẹ o, Ìyá."

Ó fa ọwọ́ padà. Ó jókòó. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Èmi náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù Bàbá Àgbà ń bà mí, inú mi sì ń dùn, mi ò lè sọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Nígbà tí mo ronú dáadáa, mo rí i pé àwọn apá tó kù láti inú ìkejì ni mo ti mú wọn. Ìyẹn ni pé yóò tún jáde nísàlẹ̀, níwájú àbíkẹ́yìn mi. Àyè ṣì wà láti tún ìyẹn ṣe, nítorí apá náà kò tíì kàn.

"Ìyá," mo ní, "ẹ ti wà níbí báyìí, níwájú ọmọ yín. Ṣé kí n yọ ti ìsàlẹ̀?"

Ó rò ó. Ẹ̀rọ ń lọ, ó ń bọ̀.

"Má yọ ọ́," ó ní. "Àbí mi ò padà wá ni?"

Mo fi í sílẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, àṣìṣe ni. Èkejì kì í ṣe àṣìṣe.

Ọ̀gá àwọn tó ń ṣọ́ iléeṣẹ́ náà gbà kí a kan ìṣó sára ògiri wọn lápá ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ Àìkú ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé gbé e kọ́, ọkọ mi onífọ́kìlífìtì ló ń pàṣẹ. Wọ́n tú rólù náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, gbogbo àwọn tó ti ń dùbúlẹ̀ sì dìde dúró bí mo ṣe wí. Kò sí ojú àránpọ̀. Àwọn ènìyàn pariwo. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo gbọ́ tí wọ́n ń bi mí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Bàbá Àgbà mú ọ̀pá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ẹnì kọ̀ọ̀kan lójú. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi, ó dúró. Ó tún ń lọ. Mo ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó tún bá a níbẹ̀, ìró kan náà, ọwọ́ kan náà. Ó yíjú padà wò mí, mo sì kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì?"

"Méjèèjì ni, Bàbá."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń ronú. "Mo wà lára àwọn tó lọ tọrọ rẹ̀ ní Adó," ó ní, ó jọ pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Òjò pa wá lọ, òjò pa wá bọ̀." Ó wá gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Mo ní bí a ṣe wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Gbogbo wa wo ìyálé. Ó wà níwájú àwòrán tirẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ìborùn bo ẹnu.

"Èmi tí mi ò kúrò lójú kan," ó ní, "ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ya èmi."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tó yá, eyín tó kán sì hàn. Ìyá ọkọ mi lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, orúnkún méjèèjì, kì í ṣe ti àwàdà. Ohun tó bá a sọ, mi ò gbọ́. Mo kàn rí i tí ìyálé fà á dìde, tó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ìró rẹ̀.

Ilé ń tú lọ díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ sára ògiri. Ọkọ mi lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó dúró sí níwájú àwòrán àkọ́kọ́, ó wo ọwọ́ tó wà ní ìgbáròkó rẹ̀ nínú àwòrán náà. Ó pẹ́ tó fi wò ó.

"Ẹ wá, Ìyá," ó ní. Mi ò gbọ́ Adó nídìí rẹ̀.

Ó mú un lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, láti ibi àwòrán kìíní sí ibi èkejì. Ó ń sọ ẹni tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún un: "Èyí ni wọ́n bí ní ọdún tí mo wọ ilé ìwé, èyí ni ìgbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ mú lọ, èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n." Ìyá rẹ̀ ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, íǹkì ti gbẹ. "Èyí náà, mi ò sí ńbẹ̀," ó ń wí. "Èyí náà." Wọn ò kánjú. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mò ń wò wọ́n. Mo ti tẹ iṣẹ́ gígùn púpọ̀, ti fẹ́ńsì ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́, mi ò sì mọ̀ rí bí ọ̀kan ṣe lè jìnnà tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi dé ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ kejì, ó ní kí ẹnì kan bá òun gbé àga wá.